Kẹ́ ẹ tó ra pọ́ǹ sí gáráàjì ilé yín

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ pọ́ǹ ni mo fẹ́ sọ, ẹ̀rọ tó ń gbé ọkọ̀ sókè yẹn, torí àwọn tó ń bi mí pé èwo ni káwọn rà sílé ti pọ̀, owó ni gbogbo wọn sì kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ilẹ̀ lèmi máa ń béèrè.

Pọ́ǹ olópòó méjì, bóòtù ló so ó mọ́lẹ̀, gbogbo ìwúwo ọkọ̀ ń bẹ lórí kọnkéré abẹ́ òpó méjèèjì. Kọnkéré yẹn gbọ́dọ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 ó kéré tán, pọ́ǹ míì tiẹ̀ ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì ti lo ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí wọ́n dà á. Gáráàjì tiwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ jẹ́ iyanrìn tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lójú. Ẹ lu ibì kan kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n o, ẹ má gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu masọ̀n.

Tí òrùlé yín ò bá ga tó mítà mẹ́ta ààbọ̀, ẹ fi olópòó méjì sílẹ̀, èyí kúkúrú tó ń ṣí bíi sísọ́ọ̀sì ń gbé ọkọ̀ dé bíi mítà kan, ìyẹn ti tó fún táyà àti bíréèkì. Corolla ò ju bíi kílò 1,300 lọ, Hilux ń lọ sí tọ́ọ̀nù méjì, torí náà èyí tó lè gbé tọ́ọ̀nù mẹ́rin kò ní dùn yín.

Ibi tó ń kó mi láyà sókè rèé. Bí pọ́ǹ bá ń gòkè, ẹ máa gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀, irin ìdènà ló ń bọ́ sí eyín ara pọ́ǹ yẹn, àwọn èèyàn á gbọ́ ọ wọ́n á sì wọ abẹ́ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ epo inú páìpù ṣì ló gbé e dání! Tí páìpù bá bẹ́ ńkọ́? Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ títí á fi jókòó sórí irin yẹn lọ́tùn-ún lósì, kẹ́ ẹ tó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ṣáájú ìyẹn, kó kúrò nílẹ̀ díẹ̀ báyìí, ẹ dá a dúró, ẹ mì í dáadáa, tó bá fì, ẹ sọ̀ ọ́, ẹ tún apá pọ́ǹ tò síbi tí ìwé ọkọ̀ ní kẹ́ ẹ gbé e. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì, iwájú á fúyẹ́, ẹ̀yìn á fẹ́ ṣubú, ẹ fi irin ti ẹ̀yìn ọkọ̀ lábẹ́ kẹ́ ẹ tó tú bóòtù kankan.

Iná SBEE, iléeṣẹ́ iná wa ní Bẹ̀nẹ̀, ńkọ́? Kí pọ́ǹ tó kúrò lórí irin ìdènà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gòkè díẹ̀, iná ló sì ń gbé e gòkè. Tí iná bá lọ, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ lókè níbẹ̀, ẹ má fi kíríkì tẹ́ ẹ fi ń pààrọ̀ táyà tì í sókè. Kẹ́ ẹ sì ti ilẹ̀kùn gáráàjì pa, torí àwọn ọmọ ilé.