Àtúnyẹ̀wò ọdún mi: kókó kan, orúkọ mẹ́rin

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, bẹ̀rẹ̀ sí í bì láràárọ̀ kí ó tó fẹnu kan nǹkan kan. Ibà ni wọ́n pè é ní ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́ níbí, ibà náà ni wọ́n sì ń tọ́jú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, títí ọmọ fi ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Àwòrán orí ló fi kókó hàn wá lápá ẹ̀yìn ọpọlọ, lókè ìpàkọ́. Wọ́n ti yọ ọ́ nílùú mìíràn. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà nínú èsì àyẹ̀wò tí wọ́n fún wa: medulloblastoma, irú jẹjẹrẹ ọpọlọ kan tó sábà máa ń mú ọmọdé.

Orúkọ yẹn ni mo ń lé kiri látìgbà náà. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń sọ̀rọ̀ jíìnì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àyànmọ́. Mo jẹ wọ́n ní gbèsè àtúnṣe. Jíìnì kan náà ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì awọ àti sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Èyí tó ṣí àti èyí tó wà ní títì ló yà wọ́n sọ́tọ̀, iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń rán síra wọn ló sì máa ń pàṣẹ ṣíṣí àti títì náà.

Àrùn tí ó jọ ọ̀kan lójú, mẹ́rin ni: SHH àti WNT, tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó dàrú nínú wọn, Ìsọ̀rí Kẹta àti Ìsọ̀rí Kẹrin. Nínú ẹ̀yà SHH, pùrótéènì PTCH1 ni màígádì tó di SMO mú (SMO ni pùrótéènì tó ń gbé iṣẹ́ náà wọ inú sẹ́ẹ̀lì) títí oníṣẹ́ yóò fi dé. Lọ́pọ̀ ìgbà, jíìnì PTCH1 ló bàjẹ́, SMO a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an, sẹ́ẹ̀lì a máa pín láìdúró. Ẹ̀yà WNT ló yà mí lẹ́nu jù. Iṣẹ́ tirẹ̀ náà kì í dákẹ́, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí rí i pé ohun tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń tú jáde máa ń sọ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí i ká di asẹ́, tí oògùn tí ọpọlọ ìbá dá padà fi ń ráyè wọlé. Níbi tí ìtọ́jú ti pé, ó lé ní 90 nínú 100 ọmọ tó ní ẹ̀yà yìí tó ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5. Nínú Ìsọ̀rí Kẹta, bí ẹ̀dà jíìnì MYC, tó ń darí ọ̀pọ̀ jíìnì mìíràn, bá ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọn kì í tó ìdajì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń fi jíìnì pín àrùn yìí láti 2016. Ìwé tiwa kò sọ èyí tó jẹ́.

Ọmọ náà ti parí ìtọ́jú onítànṣán, oògùn ẹ̀ẹ̀mejì ló kù, ó sì ti ń bá ìyá rẹ̀ ka owó nísọ̀ èlùbọ́ ní Ọjà Ọba. Ìwé méjì ni mo kọ kí wọ́n tó yọ̀ǹda ìyókù kókó náà fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá: ẹran tíńtín tí wọ́n rì sínú ìda bíi ti àbẹ́là, kò tóbi ju mágí lọ. A ṣì lè fi aró wo ibi tí pùrótéènì beta-catenin, tó ń jẹ́ iṣẹ́ WNT nínú sẹ́ẹ̀lì, kó sí nínú rẹ̀. Bí ó bá wà ní àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, WNT ni a ó máa fura sí. Inú dúróà mi ló wà báyìí, nínú ọ̀rá, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sí i lára, títí wọn yóò fi ṣí ibi àyẹ̀wò ní Ìbàdàn lẹ́yìn ọdún.