Ọ̀rọ̀ tó yé wa ló ń ba iṣẹ́ jẹ́: ohun tí mo kọ́ nípa fífi ìró òjò ṣiṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ilé ṣe ọ́fíìsì, ẹ mọ aago mẹ́ta ọ̀sán yẹn. Jẹnẹrétọ̀ ń dún, ìyẹn ò kúkú ṣe nǹkan kan, kò ní pẹ́ tí etí á fi gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó gbé fóònù sí sípíkà ní kọ́rídọ̀ ló ń pani. "Ṣé ó ti wá sanwó ọ̀hún ni?" Ẹ ò mọ ẹni tó jẹ gbèsè, ẹ ò mọ iye tó jẹ́, síbẹ̀ ọkàn yín ti dúró de ìdáhùn. Ẹ ti ka ìlà kan náà ní àkàtúnkà, èjìká ti le, orí ti gbóná, inú sì ń bí yín sí ẹni tí kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ wà nílé. Bí mo ṣe ń kọ eléyìí, ó wà níbẹ̀. Ẹ má sọ pé kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní kọ́rídọ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ń dé.

Ohun tó yé mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ yé ló ń gbé ọkàn lọ, bí ariwo ṣe pọ̀ tó kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Nígbà tí a bá ń kàwé tàbí tí a ń kọ nǹkan, ọpọlọ ń pe ọ̀rọ̀ náà fún ara rẹ̀ nínú, ọ̀nà kan náà sì ni ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ láti ìta ń gbà wọlé. Nítorí náà, ẹ má fi fújì bo ọ̀rọ̀. Orin tí ẹ gbọ́ èdè rẹ̀ wulẹ̀ tún fi ẹnìkan kún àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ni. (Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àwọn ò lè ṣiṣẹ́ láìsí orin. Bó bá jẹ́ aṣọ lẹ ń rán, ẹ máa gbádùn yín. Ẹni tó ń kà tàbí tó ń kọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.)

Ohun tó ń gbani ni ìró tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, bí ìró òjò, tí a fi ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Mẹ́ta ló wọ́pọ̀. White noise ń dún ṣáá bíi rédíò tí kò rí stéṣọ̀n mú; agbára rẹ̀ dọ́gba lórí Hz gbogbo (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bó bá ṣe pọ̀ tó ni ìró ṣe ń lọ sókè tó), ìdí nìyẹn tó fi ń gún etí. Ní gbogbo ìgbà tí Hz bá di ìlọ́po méjì, agbára pink noise ń fi dẹ́síbẹ̀lì 3 rẹlẹ̀ (dẹ́síbẹ̀lì la fi ń wọn bí ìró ṣe le tó), brown noise sì ń fi 6 rẹlẹ̀. Brown ló gbòde báyìí torí pé ó rọ̀ létí. Ṣùgbọ́n kọ́ńsónáǹtì tí a fi ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀ pọ̀ jù láàárín 1,000 sí 4,000 Hz, agbára brown sì ti tán kó tó débẹ̀. Ẹ ó kàn máa yí i sókè títí etí á fi rẹ̀ yín ni. Yorùbá tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: bí kọ́ńsónáǹtì bá tiẹ̀ bò mọ́lẹ̀, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ṣì ń yọ, ẹni tó bá gbọ́ dùndún mọ ohun tí mò ń wí. Pink ló kó òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀, tàbí òjò tó ń rọ̀ déédéé láìsí àrá.

Ẹ má fi dátà ṣòfò lórí rẹ̀. Ìró tó ń wá láti íntánẹ́ẹ̀tì ní 128 kbps ń jẹ nǹkan bíi 58 MB ní wákàtí kan, ìpolówó ọjà á sì tún já wọ àárín rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu! Ẹ ṣe tiyín. Ẹ ṣí Audacity, ètò tí a fi ń ṣe ìró lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lọ sí Generate, ẹ yan Noise, ẹ mú Pink, ẹ fi Amplitude sí 0.5, kí Duration jẹ́ wákàtí kan. Ẹ gbé e jáde bíi MP3, ẹ fi í sórí fóònù, ẹ tẹ Repeat. Kó má kéré sí wákàtí kan o, torí pé òjò ìṣẹ́jú kan tó ń yí po, etí á mọ ibi tó ti so pọ̀, á sì máa dúró dè é. Ẹni tó ní iPhone tó wà lórí iOS 15 tàbí èyí tó jù ú lọ kò nílò wàhálà yìí: Background Sounds wà nínú Accessibility, lábẹ́ ètò ohùn àti àwòrán.

Sípíkà inú fóònù kò lè gbé ìró ìsàlẹ̀ jáde, ẹ lo sípíkà Bluetooth. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé. Bí òjò bá wà lápá ọ̀tún tí ọ̀rọ̀ ń bọ̀ láti apá òsì, etí méjèèjì á yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ á sì yé yín kedere. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ẹ máa yí i sókè díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ẹ ti mọ̀ pé ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò mọ ohun tó ń sọ, ẹ dúró níbẹ̀. Mo tún un sọ: ẹ má retí kí ohùn rẹ̀ parẹ́, kó má ṣáà yé yín ni. Ibẹ̀ ni ọkàn ti ń balẹ̀, tí èjìká náà á rọ̀.

Ìwádìí kan tí Mehta, Zhu àti Cheema gbé jáde ní 2012 fi hàn pé dẹ́síbẹ̀lì 70 ran ìrònú àrà ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ ju 50 lọ, 85 sì bà á jẹ́. Àwọn kan ti wá sọ 70 di òfin. Àbá tuntun ni wọ́n ń wò nínú ìwádìí náà; ẹni tó ń ṣe ìṣirò owó kò nílò tó bẹ́ẹ̀.

Fáànù náà ń bo ọ̀rọ̀ dáadáa, àfi tí NEPA bá mú iná. Ìdákẹ́jẹ́ òjijì yẹn burú ju ariwo lọ, torí náà ohun tó ní bátìrì ni kí ẹ gbára lé.

Ẹni tó bá ń lo earpiece, kó máa yọ ọ́ ní wákàtí-wákàtí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní dẹ́síbẹ̀lì 80 kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn tí ẹ yọ ọ́, ẹ ti yí i sókè jù. Bí híhó náà ò bá lọ lọ́jọ́ kejì, ẹ lọ rí dókítà etí.