Bí Mo Ṣe Yan Kẹ̀kẹ́ Tí Ó Ṣeé Ká fún Òkè Adó-Èkìtì

Ó yẹ kí n la ọ̀rọ̀ kan kí n tó bẹ̀rẹ̀: bí ènìyàn bá dárúkọ kẹ̀kẹ́ ní Adó-Èkìtì lónìí, Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ọkàn àwọn tí ó gbọ́ ọ máa ń lọ sí. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni èmi ń sọ, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà, pàápàá irú èyí tí a lè ká láàárín kí a sì gbé e wọlé bí ẹni gbé àpótí.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ń gbé ní Ajílósùn, yàrá mi sì wà lókè. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni mo máa ń so kẹ̀kẹ́ ńlá tí mo ní tẹ́lẹ̀ mọ́, títí ìyá onílé fi sọ pé ó ń dí àwọn ọmọ lọ́nà. Mo gbé e síta. Òjò oṣù méjì mú ṣéènì rẹ̀ dípẹtà, ẹnìkan tí n kò mọ̀ sì yọ ìjókòó rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ n kò fẹ́ pa gígun kẹ̀kẹ́ tì, nítorí pé Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìmọ̀ràn tí ó gbé jáde ní ọdún 2020, ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tí kò le jù, èmi kò sì rí àyè mìíràn fún un bí kò ṣe ọ̀nà ibi iṣẹ́: ìṣẹ́jú 20 ní àlọ, 20 ní àbọ̀, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, ó di 160.

Bí kẹ̀kẹ́ ti ń ká ni ó kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú. Ní ti kíká, n kò rò pé ẹnikẹ́ni borí Brompton, tí Andrew Ritchie bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún 1970 sí 1980: táyà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 16, ó ń ká sí mẹ́ta, ṣéènì yóò sì bọ́ sí àárín táyà méjèèjì kí gíríìsì má baà ta sí aṣọ ẹni tí ó gbé e. Ṣùgbọ́n ìlú tí èrò ti ń kún ọkọ̀ ojú irin ni àǹfààní yẹn pọ̀ sí. Ní Adó, bùùtù takisí ni kẹ̀kẹ́ yóò wọ̀, bùùtù takisí kì í sì í bèèrè iye ìṣẹ́jú tí a fi ká a.

Èyí tí mo rà kì í tilẹ̀ ṣe Brompton. Aláìlórúkọ kan ni, táyà rẹ̀ íǹṣì 16, kò sì ní jíà kankan. Mo ká a, mo tú u, mo tún ká a níwájú àwọn ará ilé bí onídán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, n kò tíì gun òkè àkọ́kọ́ dé ìdajì tí mo fi sọ̀ kalẹ̀ tí mo ń tì í, ni ọmọ iléèwé kan bá bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé ó bàjẹ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ fún mi pé kíkéré táyà ni ó fà á. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí táyà bá ti kéré tó ni ilẹ̀ tí ó ń jẹ nínú ìyípo kan ṣe kúrú tó, ẹsẹ̀ yóò sì fúyẹ́. Àwo ṣéènì ni ẹ wò. Ẹ ka eyín àwo iwájú tí pẹ́dàlì ń yí, ẹ fi eyín àwo ẹ̀yìn tí ó tóbi jù pín in, kí ẹ sì fi íǹṣì táyà sọ ọ́ di púpọ̀. Iye tí ó bá kéré ni ó ń gun òkè. Aláìlórúkọ mi ní eyín 44 níwájú àti 14 lẹ́yìn, èyí tí ó jẹ́ bí 50. Èyí tí mo ń gùn báyìí ní 52 níwájú, 28 lẹ́yìn, táyà íǹṣì 20: ó jẹ́ 37. Mo pààrọ̀ àwo ẹ̀yìn sí eléyín 34, ṣéènì sì ní láti gùn sí i díẹ̀, iye náà wá wálẹ̀ sí nǹkan bí 31. Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni ní Èkìtì ra ohun tí ó bá ju 35 lọ, àfi bí títì ni ó bá fẹ́ máa tì í.

Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni ìwọ̀n táyà ti ń di ọ̀ràn. Ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀: 47-406 túmọ̀ sí pé fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 47, rímù rẹ̀ sì jẹ́ 406. Ìwọ̀n 406 yìí, tí wọ́n ń pè ní íǹṣì 20, ni ti BMX, kẹ̀kẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń dárà, àti ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọdé, nítorí náà kì í wọ́n. Íǹṣì 20 ni wọ́n ń pe 451 pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ táyà 406 kò lè wọ̀ ọ́. Ti Brompton jẹ́ 349, èyí tí ó ṣòro púpọ̀ láti rí.

Tòkunbọ̀ ni èyí tí mo rà lẹ́ẹ̀kejì, ó ní jíà méje. Ẹni tí ó tà á fẹ́ kí n tètè sanwó. Mo ní kí ó ní sùúrù. Mo tú kẹ̀kẹ́ náà, mo ti ìdè àárín rẹ̀ pa, mo di bíréèkì iwájú mú ṣinṣin, mo sì ń mì ín síwá sẹ́yìn, àtàǹpàkò mi wà lójú ibi tí irin méjèèjì ti pàdé. Ó ń ṣe kọ́, kọ́. Ìka mi mọ̀ ọ́n kí etí mi tó gbọ́ ọ. Ọkùnrin náà ní, "Ọ̀gá mi, òróró lásán ni ó ń fẹ́." Mo ní kí ó mú sípánà wá. Nígbà tí ó fún nọ́ọ̀tì kékeré inú ìdè náà, ìró yẹn dákẹ́, mo wá tan iná fóònù sí ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Ìdè tí ó dẹ̀ ṣeé fún, ṣùgbọ́n bí mo bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun níbẹ̀, tí ìpẹtà ń yọ lójú rẹ̀, ǹ bá ti dìde lọ. Mo tún fa ọ̀pá ìjókòó sókè dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ mi, mo sì rí i pé àmì tí a kò gbọdọ̀ fà á kọjá ṣì wà nínú ihò.

Ó wúwo tó kílò 13, kò sì ká dáadáa bíi ti àkọ́kọ́. Okùn tí mo gé láti ara túùbù àtijọ́ ni mo fi ń so ó pọ̀ kí n tó gbé e gun àtẹ̀gùn. Ìyá onílé wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ká a bí ẹní?" Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí ó kù ni bíréèkì: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí mo ń sọ̀ lójoojúmọ́ ti jẹ rọ́bà ẹ̀yìn tán, mo sì ń wá méjì tuntun kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.