Ọdún 2024: Ọdún tí mo fi fáìlì wo aláìsàn

Ọdún ti ń kógbá sílé, ọpẹ́ ni fún Olúwa tí kò jẹ́ kó gbé wa lọ. Èyí ni ọdún àkọ́kọ́ tí mo lò látòkè délẹ̀ nídìí àbójútó ọsibítù ìjọba, lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ dókítà ológun. Àwọn tí a jọ wà ní bárékè ṣì ń pè mí, wọ́n á ní, "Dókítà, ṣé ẹ ò wo aláìsàn mọ́ ni?" Mò ń wò wọ́n o. Ọ̀nà tí mo ń gbà wò wọ́n ló yí padà.

Dókítà ìdílé ni mo jẹ́. Ọmọ ọwọ́, aboyún, baálé ilé, ìyá àgbà, gbogbo wọn la máa ń tọ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ di àgbà nídìí rẹ̀ á ṣì tún kẹ́kọ̀ọ́ fọ́dún mélòó kan lẹ́yìn yunifásítì, kó tó lọ kojú ìdánwò irú èyí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn dókítà àgbà ní Ìjanikin, l'Ékòó, ń ṣe. Ní bárékè, iṣẹ́ náà tún jinlẹ̀ sí i. Ọkọ wà lójú ogun ní Maiduguri, ìyàwó wà ní Odogbo n'Íbàdàn, orí ń fọ́ ọ, oorun ò kun ún. Ẹ fún un ní Panadol títí, orí ò ní yé fọ́ ọ, àfi tí ẹ bá bi í pé ìgbà wo lọkọ pè gbẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni omi á ti bọ́ lójú ẹ̀, ibẹ̀ náà ni ìtọ́jú á ti bẹ̀rẹ̀.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni mo gbé dé ọ́fíìsì tuntun yìí. Kí n tó pe ìpàdé kankan, mo bọ́ kóòtù funfun sílẹ̀, mo lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn tó ń dúró de dókítà. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ọ̀rá wé káàdì rẹ̀, ó kì í bọ ẹ̀gbẹ́ ìró. Ìdájí ló ti kúrò nílé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló wá gbà. Dókítà wà ńlẹ̀, nọ́ọ̀sì wà ńlẹ̀, oògùn náà wà ńlẹ̀, fáìlì rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, kí n tó délé báyìí, ọjà ti tú." Ẹni tó bá pàdánù ọjà odidi ọjọ́ kan nítorí oògùn tí kò ju ìwọ̀nba lọ, kò ní wá lóṣù tó ń bọ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni yóò gbé e padà wá, wọ́n á sì ní dókítà ò mọṣẹ́.

Ní báyìí, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni àwọn òṣìṣẹ́ yàrá káàdì ti ń yọ fáìlì gbogbo ẹni tó ní àdéhùn. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti alátọ̀gbẹ ní ọjọ́ tiwọn lọ́tọ̀. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ bá ti rọlẹ̀ dáadáa ń gba oògùn oṣù méjì lẹ́ẹ̀kan. Apòògùn wa kọ́kọ́ yarí, ó ní oògùn á tán nílẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù ló bá mi parọwà sí i. Nínú ohun gbogbo tí mo ṣe lọ́dún yìí, èyí ló dùn mọ́ mi jù, mo sì gbà tọkàntọkàn pé ó gba ẹ̀mí là ju ọ̀pọ̀ ìwé oògùn tí mo ti kọ lọ.

Ọ̀rọ̀ iná mú wa lómi gan-an. Ní oṣù kẹrin, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iléeṣẹ́ iná ń fún ní iná fún wákàtí tó pọ̀ jù lójúmọ́, fò láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 lórí kílówáàtì wákàtí kan. A gbé yàrá ìgbẹ̀bí àti fíríìjì ẹ̀jẹ̀ sórí sólà, jẹnẹrétọ̀ ń gbé ìyókù. Ibi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí kò yẹ kó máa ṣírò owó kó tó tan gílóòbù. Mo sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn aláṣẹ, n ó sì tún sọ ọ́.

Àwọn dókítà kan àti nọ́ọ̀sì ti gba ìlú òyìnbó lọ. Mi ò bú wọn. Mo kọ ìwé ẹ̀rí fún wọn, mo sì gbàdúrà fún wọn.

Mo ronú gan-an lórí Ọ̀gágun Henry Adefope lọ́dún yìí. Dókítà ológun ni wọ́n, wọ́n darí ètò ìlera iléeṣẹ́ ológun wa, wọ́n sì di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lọ́dún 1978. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n kọ iṣẹ́ ìṣègùn sílẹ̀.

Adójútòfò ìlera, ìyẹn kí èèyàn ti máa dáwó ìtọ́jú sílẹ̀ kí àìsàn tó dé, ló kù tí mo fẹ́ dojú kọ. Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní ọjọ́ 19, oṣù karùn-ún, ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Síbẹ̀, owó àpò ni ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́jà tó wà lẹ́nu géètì wa fi ń gbàtọ́jú. Ní bárékè, ìyàwó ṣọ́jà kì í ka owó lé mi lọ́wọ́ kí n tó gbé ọmọ rẹ̀ yẹ̀ wò. Mo ti bá ìyálọ́jà sọ̀rọ̀. Láti oṣù kìíní, àwọn òṣìṣẹ́ adójútòfò ìpínlẹ̀ yóò máa jókòó sábẹ́ àtíbàbà tí ìyálọ́jà fún wa láàárín ọjà, wọn yóò máa forúkọ àwọn èèyàn sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kó igbá rẹ̀ kúrò nílẹ̀.