Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí irin iwájú ìbọn di méjì lójú mi

Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún, tí ẹ ṣì ń yìnbọn sí bébà, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Àmì dúdú tó wà lọ́ọ̀ọ́kán mọ́ kedere, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá ṣeé kà. Ṣùgbọ́n irin kékeré tó dúró sẹ́nu ìbọn, tó yẹ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún bíi páálí tí wọ́n fi abẹ gé, ti di òjìji. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tú bí òwú. Ẹ tẹjú mọ́ ọn, ó ń burú sí i. Ẹ ṣẹ́jú, ó mọ́ díẹ̀, ó tún lọ.

Láàárín ìdíje ló máa ń dójú ẹ̀. Nínú ọta 60, láti bíi ọta 40 lọ, ojú ti rẹ̀, apá ti wúwo, irin iwájú á wá ya sí méjì. Ọ̀kan wà lósì, ọ̀kan wà lọ́tún, kò sì sí èyí tó jọ pé òun gan-an ni òótọ́. Ẹ bá èyí tó dúdú jù lọ, ẹ fa ìbọn, ọta wọ òrùka 7 lápá òsì, bẹ́ẹ̀ sì ni 10 ló wà láàárín gan-an. Ẹ bá èkejì lọ, ọta wọ 7 lápá ọ̀tún. Aago ń lọ. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ń kó 10 jọ bí ẹni ṣa àgbàdo. Odidi sáà kan ni mo fi dá ìbọn lẹ́bi: mo yí irin ẹ̀yìn, èyí tó súnmọ́ ojú tí a ń gbà wo irin iwájú, títí, mo pààrọ̀ ọta, mo ní ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò le láti yé ni. Dígí kan wà nínú ẹyinjú, lẹ́yìn ọmọlójú. Nígbà tó ṣì rọ̀, ó máa ń ki pọ̀ bí a bá ń wo ohun tó súnmọ́, ó sì máa ń tẹ́ bí a bá ń wo ọ̀nà jíjìn, kíákíá débi pé a kì í mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Láti bí ẹni ogójì ọdún sókè, ó ti ń gan, kò fẹ́ ki pọ̀ mọ́. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí kí àwọn ọ̀dọ́ tó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: kò sí ojú kankan tó lè rí irin ẹ̀yìn, irin iwájú àti àmì dúdú kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú tiwọn ń sáré láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Tiwa kò lè sáré mọ́, ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀.

Nítorí náà a gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan, irin iwájú sì ni. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní 22 sẹ̀ǹtímítà ló wà láàárín irin ẹ̀yìn àti irin iwájú ìbọn kékeré. Bí irin iwájú bá fi mìlímítà 1 péré yẹ̀ láàárín ihò irin ẹ̀yìn, ọta á yẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 45 ní mítà 10, á sì yẹ̀ ní nǹkan bíi 114 ní mítà 25. Ṣùgbọ́n bí irin méjèèjì bá wà ní déédéé, tí ọwọ́ sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní mìlímítà 1, mìlímítà 1 náà ni ọta á yẹ̀. Àmì dúdú lè ṣú díẹ̀, kò ṣe nǹkan, nítorí ojú mọ àárín ohun róbótó láìsí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Irin iwájú ni kò gbọ́dọ̀ ṣú.

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà, nítorí awò ìkàwé ló kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn. Awò +2.00 (nọ́ńbà yìí ni agbára dígí rẹ̀) ń jẹ́ kí ohun tó wà ní 50 sẹ̀ǹtímítà mọ́ kedere. Irin iwájú ìbọn kékeré sábà máa ń wà ní nǹkan bí 75 sẹ̀ǹtímítà sí ojú, ti ìbọn gígùn sì máa ń sún mọ́ mítà 1. Irin iwájú fúnra rẹ̀ kò tíì mọ́, ọ̀nà jíjìn sì ti bàjẹ́ pátápátá. Bí ọmọlójú bá fẹ̀ tó mìlímítà 3, +2.00 á fẹ gbogbo ohun tó wà ní mítà 10 lójú ní nǹkan bíi mìlímítà 60. Àmì dúdú tí wọ́n ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ kékeré yìn ní mítà 10 fẹ̀ ní mìlímítà 59.5. Ẹ rí i pé bíbàìbàì náà fẹ̀ tó àmì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń fi í gba ife ẹ̀yẹ, mo kí i kú oríire o.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rèé, bí ẹ bá tilẹ̀ gbàgbé ìyókù: ẹ wọn bí ojú yín ṣe jìnnà sí irin iwájú. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, kì í ṣe àfojúdá. Ẹ yọ ọta, ẹ ṣí ibi tí ọta ń gbà wọlé sílẹ̀, kí ẹlòmíràn sì wò ó pẹ̀lú yín pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ gbé ìbọn bí ẹ ṣe máa ń gbé e lọ́jọ́ ìdíje gan-an, pẹ̀lú aṣọ ìdíje tí ẹ ń wọ̀, kí ẹ sì kọjú rẹ̀ síbi tí kò léwu. Kí ẹni kejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe níwájú, kó fa téèpù láti igun ojú yín títí dé irin iwájú. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ sinmi, ẹ tún un gbé. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ mú èyí tó wà láàárín. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ yàtọ̀ síra, ìdúró yín ló kọ́kọ́ níṣòro, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó dá ojú lẹ́bi.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi iye sẹ̀ǹtímítà yẹn pín 100, kí ẹ sì pín èyí tó bá jáde sí méjì. Mítà 1 jẹ́ 100 ÷ 100, ìyẹn 1.00, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 0.50. 75 sẹ̀ǹtímítà jẹ́ 1.33, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 0.67, awò sì ń gòkè ní 0.25-0.25, nítorí náà ẹ mú 0.75. Èyí ni ẹ máa fi kún nọ́ńbà awò tí ẹ fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí awò ọ̀nà jíjìn rẹ̀ jẹ́ –1.50 tó ń yin ìbọn kékeré á lo –0.75. Ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ +1.00 á lo +1.75. Ẹni tí kò lo awò rárá fún ọ̀nà jíjìn á lo +0.75 lásán. Bí ẹ bá ní astigmatism, ìyẹn ojú tí kò rí róbótó dáadáa tó ń fa ìlà gùn sí apá kan, nọ́ńbà tirẹ̀ dúró bó ṣe wà, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Èéṣe tó fi jẹ́ ìdajì? Bí ẹ bá lo gbogbo 1.00 fún ìbọn gígùn, irin iwájú á mọ́ bí omi, àmì á sì fò lọ. Bí ẹ kò bá lo nǹkan kan, àmì á mọ́, irin á di òwú. 0.50 ń fi ojú sí mítà 2, ó ń pín àṣìṣe náà lọ́gbọọgba sí irin àti sí àmì, ihò kékeré tí mo máa sọ nípa rẹ̀ á sì fọ ìyókù mọ́. Bí irin bá ṣì ń tú, ẹ fi 0.25 kún un. Bí àmì bá ti tẹ́ bí àwọ̀sánmà, ẹ yọ 0.25. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀n téèpù ni ẹ padà lọ yẹ̀ wò.

Ẹ má gbé ìbọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú o. Ẹ mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gé e sí iye sẹ̀ǹtímítà tí ẹ wọ̀n, ẹ lẹ páálí dúdú kékeré tó fẹ̀ tó irin iwájú mọ́ orí rẹ̀, ẹ fi sápò. Tí dókítà bá ń pààrọ̀ dígí sójú yín, ẹ na ọ̀pá náà síwájú, kí ẹ wo páálí náà, kí ẹ sì wo lẹ́tà tó wà lára ògiri. Ojú tí ẹ fi ń yìnbọn nìkan ni kí ó ṣe báyìí. Dókítà tó bá rí ọ̀pá yẹn á gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Èyí tí ẹ bá ròyìn fún lẹ́nu lásán á tún fún yín ní awò ìkàwé.

Ọ̀rọ̀ awò alápá méjì àti èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń yí láti òkè dé ìsàlẹ̀: ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ ní láti gbé àgbọ̀n sókè kí ẹ tó rí irin, ọrùn á gan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kúrò lára ìdí ìbọn, bí orí bá sì fi ìwọ̀n ṣíún yí, nọ́ńbà tí ẹ ń gbà wò ti yí. Ẹ̀yin tí ẹ ń yin ìbọn kékeré, ẹ yẹ ibi tí ojú ń gbà kọjá nínú dígí wò pẹ̀lú. Ẹ gé bébà tíntín tó tó orí ìṣáná, ẹ dúró bí ẹni ń yìnbọn, kí ẹnì kan máa gbé bébà náà kiri lára dígí títí tó fi máa bo irin iwájú, kó lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ẹ bọ́ awò, ẹ wò ó. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ imú, lókè, ni bébà náà bọ́ sí, kì í ṣe àárín dígí, níbi tí dígí ti dagun sí ojú. Dígí tó bá dagun ń fa ẹ̀gbẹ́ irin gùn sí apá kan. Awò àwọn ayìnbọn, tí dígí rẹ̀ ṣeé yí, ṣeé tẹ̀, tó sì ṣeé sún, tìtorí èyí ni wọ́n ṣe é. Dígí tí wọ́n so mọ́ ara ìbọn kékeré kò bófin ISSF mu, ìyẹn àjọ tó ń darí ìdíje ìbọn yíyìn lágbàáyé. Ojú ni kí ó wà. Ẹ má sì fi dígí kékeré yẹn ṣe ààbò níbi tí èérún lè ti ta padà.

Ihò kékeré kúkú ń ṣiṣẹ́ fún ojú àgbà ju ohunkóhun tí ẹ lè rà lọ, lẹ́yìn nọ́ńbà tó tọ́ o. Ẹ fi abẹ́rẹ́ lu páálí ní ihò tó tó mìlímítà 1, ẹ wo irin gba inú rẹ̀. Bí ó bá mọ́, dígí ló kù díẹ̀ káàtó, a lè tún un ṣe. Bí kò bá mọ́ rárá, ẹ lọ rí dókítà, ó lè jẹ́ cataract, ìyẹn dígí inú ẹyinjú tó ti ṣú, tàbí nǹkan míì lẹ́yìn ojú tí dígí kò lè tún ṣe. Lórí ìbọn gígùn, ihò irin ẹ̀yìn tó ṣeé sún ni kí ẹ ní: mìlímítà 1.0 sí 1.2 nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, 1.3 sí 1.5 bí ó bá ṣókùnkùn. Pẹ̀lú ihò 1.2 àti àṣìṣe 0.50, bíbàìbàì ní mítà 10 kò ju nǹkan bíi mìlímítà 6 lọ. Ẹ fi wé 60 ti awò ìkàwé. Ṣùgbọ́n kí ẹ má sún un kéré jù. Tó bá ti kéré jù, ìmọ́lẹ̀ á tán, ìmọ́lẹ̀ tó kù á sì máa ràn léti ihò, irin á tún bàìbàì. Ẹ máa ṣí i sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àmì á fi ní funfun yíká tó dúró jẹ́ẹ́. Òrùka irin iwájú ìbọn gígùn náà, tí a ń fi àmì dúdú sí àárín rẹ̀, ẹ gba èyí tó fẹ̀. Ojú àgbà kò lè wọn funfun tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun.

Ẹ má dì ojú kejì. Tí ẹ bá ń dì í, ẹran ojú ń fa, ojú tí ẹ fi ń yìn náà á máa gbọ̀n. Ẹ fi téèpù funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bo dígí rẹ̀, kì í ṣe nǹkan dúdú, torí bí ojú kejì bá wà lókùnkùn, ọmọlójú méjèèjì á fẹ̀. ISSF gba ìbòjú tí kò fẹ̀ ju mìlímítà 30 lọ.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé inú ojú ẹni ọgọ́ta ọdún tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta ti ẹni ogún ọdún. Ẹ dé ibi ìdíje ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú kí ojú tó mọ ibẹ̀ lára, ẹ má sì wo fóònù láàárín ọta. Tí ìbọn bá ti dúró lórí àmì fún ìṣẹ́jú àáyá 8, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àwòrán àtijọ́ lẹ ń wò, kì í ṣe irin. Atẹ́gùn fáànù tó ń fẹ́ sójú tààrà ń gbẹ omi ojú, ẹ kúrò níwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, bí ṣúgà bá gòkè tàbí tó sọ̀kalẹ̀, nọ́ńbà ojú lè yí láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má ṣe awò lọ́sẹ̀ tí ṣúgà kò dúró. Ẹni tí ìlà tó gún bá ń wọ́ lójú rẹ̀, tàbí tí àbàwọ́n dúdú bá jókòó sí àárín ohun tó ń wò, kó má dúró de ìparí sáà kó tó lọ rí dókítà.

Bí ẹ bá gé ìdí ìbọn kúrú, tàbí tí ẹ so nǹkan mọ́ ẹnu rẹ̀ kó lè gùn sí i, ẹ tún un wọ̀n. Bí ẹ bá pààrọ̀ ìdúró, ẹ tún un wọ̀n. Mo ní bébà kan nínú àpótí ìbọn mi, nǹkan mẹ́rin ló wà lára rẹ̀: 76 sẹ̀ǹtímítà, +0.75, ihò 1.2, àti ọjọ́ tí wọ́n yẹ ojú mi wò kẹ́yìn. Ọjọ́ yẹn ti pé ọdún kan ààbọ̀ báyìí. Ọ̀pá náà ti wà nínú àpò, Ọjọ́rú ni dókítà ní kí n wá.