Yaphet Kotto gba eré mọ́ onílé lọ́wọ́

Èmi àti Bàámi ṣẹ̀ṣẹ̀ wo The High Chaparral tán ni, eré tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Arizona ayé àtijọ́. Apá tí wọ́n pè ní "The Buffalo Soldiers" ni, ti 1968. Yaphet Kotto ló ṣe ọ̀gá àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí wọ́n wá dáàbò bo ìlú Tucson.

Ẹ wo ìdúró, ẹ wo àyà! Aṣọ ológun wọ̀ ọ́ bíi pé ara rẹ̀ ni wọ́n ti gé e. Ohùn yẹn ńkọ́? Ẹ̀pà tí Bàámi ń bó dúró sí wọn lọ́wọ́.

"Ta ni gìrìpá yìí?"

Mo ní ọmọ Cameroon ni bàbá tó bí i.

"Mo mọ̀! Ó jọ bẹ́ẹ̀."

Irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ sì wà lóòótọ́ o. 1866 ni wọ́n dá 10th Cavalry, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àlejò lásán ni Kotto nínú eré náà, àmọ́ mo gbàgbé pé ìdílé Cannon tó ni eré tiẹ̀ wà níbẹ̀.

Ta ló ti wò ó nínú yín? Àlejò wo ló ṣe irú èyí lójú tiyín?