Owó ìtọ́jú pàjáwìrì fún ajá tí a gbé láti ojú títì

Ajá tí a gbé láti ojú títì sábà máa ń wọlé láìgba àjẹsára, ìdí nìyí tí parvo, àrùn ajá tó ń ràn tó sì ń ba ìfun jẹ́, fi máa ń tètè mú un. Bí ó bá ń bì, tí ìgbẹ́ rẹ̀ di omi tó lẹ́jẹ̀ nínú, tí òórùn rẹ̀ sì le, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró di ọ̀la. Omi ara rẹ̀ ló ń tán lọ yẹn.

Ẹ pe dókítà ẹranko kí ẹ tó gbéra, kí wọ́n lè yà á sọ́tọ̀. Ẹ sọ iye tó wà lọ́wọ́ yín gan-an. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ owó náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: àyẹ̀wò, omi tí wọ́n ń fà sí i lára, abẹ́rẹ́ tó ń dá èébì dúró, owó ibùsùn ojúmọ́ kan. Ẹ wá béèrè èyí tó gbọ́dọ̀ ṣe lónìí, èyí tó lè dúró, àti bóyá wọ́n lè gbà á díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ àwọn èèyàn lórí WhatsApp, ìwé owó yẹn ni kí ẹ fi síwájú. Àkáǹtì ara ẹni láìsí ìwé ló máa ń ba ẹ̀bẹ̀ jẹ́. Wọ́n á rò pé gbájúẹ̀ ni. Nọ́ńbà àkáǹtì ilé ìwòsàn ni kí ẹ fún wọn, kí ẹ sì máa fi rìsíìtì hàn lálaalẹ́. Ìtọ́jú náà lè gba ọjọ́ 5 sí 7, nítorí náà ẹ má tọrọ owó ọjọ́ kan ṣoṣo.